Ọ̀nà Gba Rẹ́mọ Kọjá, Àlejò Ò Yà: Lẹ́tà Ṣíṣí Lórí Ìgbafẹ́ ní Ilẹ̀ Rẹ́mọ

Sí Iléeṣẹ́ Àṣà àti Ìrìn-Àjò Afẹ́ Ìpínlẹ̀ Ògùn, sí àwọn ọba aládé ilẹ̀ Rẹ́mọ, àti sí àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti Àríwá Rẹ́mọ.

Ilẹ̀ Rẹ́mọ jókòó sí oríta. Ọkọ̀ tó ń ti Èkó lọ sí Ìbàdàn gba ibẹ̀ kọjá. Èyí tó ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde àti Bìní, Ṣàgámù ló ti ń yà. Láti 1978 ni títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ti ṣí, síbẹ̀ ohun tí ọ̀pọ̀ èrò inú ọkọ̀ mọ̀ mọ́ Rẹ́mọ kò ju afárá oríta Ṣàgámù lọ, àti tírélà tó tò bí ilé ní Ògèrè, àti àwọn tó ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ pẹ̀lú gàlà àti omi inú ọ̀rá. Bẹ́ẹ̀ bí awakọ̀ bá yà kúrò lórí márosẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi dé ọjà obì tí òkìkí rẹ̀ kàn dé Kano, ilé Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí, ilé-ẹ̀kọ́ tí Táí Ṣólàrín dá sílẹ̀, ìlú mẹ́tàlá tó ń gbé inú ìlú kan ṣoṣo, àti oko kòkó tí oòrùn ọ̀sán gan-an kì í ráyè wọ̀ dáadáa. Àlejò ò yà, nítorí pé ohun tó ń sọ fún un pé kó yà kò tó nǹkan. Lórí ìyẹn ni lẹ́tà yìí dá.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ Rẹ́mọ láti ìgbà tí kò tíì sí mọ́tò. Ẹrù tó bá gòkè láti etí ọ̀sà ní Ìkòròdú, ìyẹn iyọ̀, ìbọn àti aṣọ òyìnbó, ilẹ̀ Rẹ́mọ ló ń gbà dé Ìbàdàn. Epo pupa àti ekùrọ́ sì ń gba ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí etí omi. Ẹni tó bá di ọ̀nà yìí mú, ọ̀fun Ìbàdàn ló dì mú. Ìdí nìyí tí àwọn Ẹ̀gbá fi kó ogun wọ Rẹ́mọ láàárín ọdún 1860 sí 1865, tí wọ́n ja ogun tí ìtàn ń pè ní Ogun Ìperu, tí wọ́n sì dó ti Ìkòròdú títí ọmọ ogun ìjọba Èkó fi lé wọn kúrò níbẹ̀ ní oṣù Kẹta 1865. Ìlú kéékèèké ò lè dá nìkan kojú irú ogun bẹ́ẹ̀. Ní 1872 ni ìlú mẹ́tàlá kó ara wọn jọ sí ojú kan lábẹ́ Akárìgbò tó fi Òfin ṣe ibùjókòó, ibi tí wọ́n kóra jọ sí náà ló di Ṣàgámù.

Ohun tó yẹ kí àlejò kọ́kọ́ rí nìyẹn, nítorí pé àwọn ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá kò parẹ́. Òfin wà níbẹ̀, Mákùn wà pẹ̀lú Ewùsì rẹ̀, Ẹ̀pẹ́ wà, Ìjokù wà, Adó wà, Òkò wà. Olúkúlùkù mú orúkọ rẹ̀ wá, ó mú àwọn àgbà rẹ̀ àti ìtàn ibi tó ti ṣí wá, ó sì mú òrìṣà rẹ̀ dání. Ọmọ Mákùn mọ̀ pé ọmọ Mákùn ni òun, kódà bó bá jẹ́ gọ́tà kan ṣoṣo ló pa ààlà láàárín òun àti aládùúgbò rẹ̀. Irú ìlú báyìí kò wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹsẹ̀ ló sì yẹ kí ènìyàn fi rìn ín: kó bẹ̀rẹ̀ láti ààfin Akárìgbò, níbi tí yóò ti gbọ́ bí ọba Rẹ́mọ ṣe bá ìjọba Èkó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní 1894, kó máa gba àdúgbò dé àdúgbò títí ọ̀sán yóò fi pọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rìn ín lónìí láìní ọmọ ìlú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò lè mọ ibi tí ìlú kan parí sí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Pátákó mẹ́tàlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú ààlà ìlú kan, tó ní orúkọ ìlú, ibi tó ti ṣí wá àti oyè ẹni tó ń jẹ ọba tàbí baálẹ̀ níbẹ̀, ni gbogbo iṣẹ́ tí ibẹ̀ ń béèrè. Owó rẹ̀ kò tó owó ayẹyẹ ọjọ́ kan.

Lẹ́yìn ìlú, obì. Bí ó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo ni àlejò lè rí ní Ṣàgámù kó tó padà, obì ni kó jẹ́. Oríṣi méjì ló wà níbẹ̀, ìtàn wọn kò sì dọ́gba. Abàtà ni obì àwọn baba wa, òun ni olóbì ń pa níwájú òrìṣà, awẹ́ rẹ̀ máa ń tó mẹ́rin tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbànja, tó jẹ́ aláwẹ́ méjì, ìhà ìwọ̀-oòrùn ló ti wá, láti ilẹ̀ tó di Gánà àti Ivory Coast lónìí. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e wá sí Èkó tẹ́lẹ̀, kó tó di pé àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín fúnra wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, ní Agége àti àyíká rẹ̀, kó tó tàn dé Rẹ́mọ. Òun ni àwọn Hausa ń pè ní góòrò, tí wọ́n ń fi ṣe àlejò, tí wọ́n ń fi ṣe ìgbéyàwó, tí wọ́n fi ń sọ ọmọ lórúkọ. Nítorí rẹ̀ ni oníṣòwò láti òkè ọya ṣe tẹ̀dó sí Sábó ní Ṣàgámù, tí wọ́n bímọ síbẹ̀, tí àwọn ọmọ wọn náà sì bímọ.

Iṣẹ́ obì dùn ún wò. Láti oṣù Kẹwàá títí dé ìparí ọdún ni obì máa ń so jù. Wọ́n á la èso rẹ̀, wọ́n á kó obì inú rẹ̀ jáde pẹ̀lú awọ funfun tó bò ó, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi tàbí kí wọ́n kó o jọ kí awọ náà lè rọ̀, wọ́n á wá bó o, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á jẹ́ kó làágùn fún ọjọ́ díẹ̀ kí omi ara rẹ̀ lè dínkù, kí wọ́n tó tò ó sínú agbọ̀n tí wọ́n fi ewé tútù tẹ́ yí ká. Ewé yẹn ni ọgbọ́n inú iṣẹ́ náà: bó bá gbẹ jù, obì á rọ, bó bá tutù jù, obì á jẹrà. Àwọn obìnrin tó ń ṣa obì ń fi ọwọ́ lásán mọ èyí tí yóò dé Kano láyọ̀ àti èyí tí kò ní dé. Kò sí ohun tí ènìyàn lè fi sínú àwòrán tó lè rọ́pò kéèyàn jókòó tì wọ́n fún wákàtí kan. Àmọ́ ọjà ni ọjà, kì í ṣe ibi ìran. Bí àlejò yóò bá máa wọ ibẹ̀, kí ẹgbẹ́ àwọn olóbì fúnra wọn yan ọjọ́ àti wákàtí, kí wọ́n yan ẹni tí yóò ṣàlàyé, kí owó tí àlejò bá san sì bọ́ sápò wọn tààrà. Ẹni tó bá ya àwòrán ìyá àgbà nídìí obì láìtọrọ àyè ti rí i fín.

Sábó mú ọ̀rọ̀ kan wá tí kò yẹ kí lẹ́tà yìí fò dá. Ní oṣù Keje 1999, ní àsìkò Orò, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Ṣàgámù láàárín Yorùbá àti Hausa lẹ́yìn tí obìnrin Hausa kan kú ní alẹ́ Orò. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná, ìjà ẹ̀san sì tún bẹ́ sílẹ̀ ní Kano nínú oṣù yẹn kan náà. Àwọn tó ti ń ra obì lọ́wọ́ ara wọn láti ọdún gbọgbọrọ ló sá fún ara wọn. Rẹ́mọ kò lè sọ pé àlejò ń bọ̀ kó má sì sọ̀rọ̀ nípa Orò, nítorí pé Orò kì í ṣe ìran fún àlejò, ìlú ló ń lò ó láti tún ara rẹ̀ ṣe, obìnrin kì í sì í rí i. Ohun tó tọ́ ni kí ìlú kọ̀ọ̀kan máa kéde ọjọ́ Orò rẹ̀ ní gbangba, ó kéré tán oṣù kan ṣáájú, ní èdè Yorùbá, Hausa àti Gẹ̀ẹ́sì, lórí rédíò, ní ibùdókọ̀, ní ọjà àti ní ilé ìtura, kí wọ́n sọ wákàtí tó bẹ̀rẹ̀ àti wákàtí tó parí. Kí òfin orílẹ̀-èdè sì ríbi dúró: ẹni tí ilẹ̀ ṣú mọ́ lọ́nà gbọdọ̀ rí ẹni tí yóò mú un lọ sílé, kò gbọdọ̀ rí ẹni tí yóò fìyà jẹ ẹ́. Èyí ṣáájú pátákó àti ilé ìtura. Ibi tí ẹ̀mí àlejò kò bá ti dájú, kò sí ìgbafẹ́ níbẹ̀.

Ìkẹ́nnẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá yà sí Rẹ́mọ ń wá. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sí ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta 1909, ibẹ̀ ló kú sí ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún 1987, ibẹ̀ náà ni ibojì rẹ̀ wà nínú ọgbà ilé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Hannah Ìdòwú Dídéolú, ṣaláìsí ní oṣù Kẹsàn-án 2015, nígbà tó ku díẹ̀ kó pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Orúkọ ìyá Awólọ́wọ̀, Ẹfúnyẹlá, ló wà lára ilé náà. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú ní 1920, tó fi iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ rán ara rẹ̀ ní ilé-ìwé, ló di Pírẹ́míà Ìwọ̀-Oòrùn, ló sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní 1955. Kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan ní ìpínlẹ̀ Yorùbá parí ìwé mẹ́wàá láìtíì dúró níwájú ibojì yẹn rí. Ilé ẹbí ni ilé náà, ẹbí ló sì ni àṣẹ lórí rẹ̀. Ohun tí ìjọba lè ṣe ni kó bá ẹbí jókòó, kí wọ́n jọ fẹnu kò sí ọjọ́ àbẹ̀wò tí gbogbo ènìyàn mọ̀, kí ìjọba tún ọ̀nà àti ibi ìgúnlẹ̀ bọ́ọ̀sì ṣe, kó sì sanwó fún àwọn tó ń ṣàlàyé fún ọmọ ilé-ìwé.

Ní ìlú kan náà ni ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower wà, tí Táí Ṣólàrín, tí wọ́n bí sí Ìkẹ́nnẹ́ ní 1922, dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kìn-ín-ní 1956 pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ Sheila. Ó fẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí kì í ṣe ti ìjọ ẹ̀sìn kankan, tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti máa roko, tí yóò ti máa bá wọn kọ́ ilé tí wọ́n ń gbé. Ọkọ́ àti àdá wà nínú ẹrù ọmọ Mayflower bí ìwé ṣe wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti ilé Awólọ́wọ̀ wá síbẹ̀ rí ọmọ ìlú kan náà méjì tí wọ́n gba ẹ̀kọ́ gbọ́ bí ẹni gba ẹ̀sìn gbọ́: ọ̀kan fi òfin ìjọba ṣí ilẹ̀kùn ilé-ìwé fún gbogbo ọmọ, èkejì fi ọkọ́ kọ́ àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn méjèèjì kì í fìgbà gbogbo gbà fún ara wọn. Kò sí ibòmíràn ní Nàìjíríà tí ènìyàn ti lè fi ẹsẹ̀ rìn láti inú èrò kan bọ́ sínú èkejì lówùúrọ̀ ọjọ́ kan.

Ìlú yòókù kò ní gba àkókò tó bẹ́ẹ̀. Ìlíṣàn ní Yunifásítì Babcock, tó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn Adventist ní 1959, tó di yunifásítì ní 1999. Ọgbà rẹ̀ mọ́, ó sì tutù lójú. Ìperu ni ìlú tí ogun 1860 sí 1865 fi orúkọ rẹ̀ ṣe orúkọ, pápákọ̀ òfurufú tí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ́ sì wà ní agbègbè òun àti Ìlíṣàn. Ìsarà ni ìlú bàbá Wole Soyinka, tó fi orúkọ rẹ̀ sọ ìwé kan ní 1989. Òun náà ni ìlú Samuel Akínsànyà, Ọdẹmọ Ìsarà, tó jẹ́ ajìjàgbara fún òmìnira Nàìjíríà kó tó gorí ìtẹ́. Òde Rẹ́mọ àti Ìpara wà lójú ọ̀nà àtijọ́ tí àwọn aláàárù àti oníwàásù ń gbà láti Ìkòròdú lọ sí Ìbàdàn. Ẹni tó bá ní kẹ̀kẹ́ ológeere lè gùn ún láti ìlú kan dé èkejì láàárín àwọn wọ̀nyí láìgba márosẹ̀ rárá, èyí sì ni ìgbafẹ́ tó dára jù fún àwọn ọ̀dọ́ Èkó tó ń wá ibi tí wọn yóò ti na ẹsẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀.

Rẹ́mọ kò ní òkè bí Ìdànrè, kò ní àpáta bí Olúmọ. Kò sídìí láti díbọ́n pé ó ní. Ilẹ̀ rẹ̀ rọ̀, ó ga díẹ̀ ó rẹlẹ̀ díẹ̀, omi ń sun láàárín rẹ̀, igi kòkó àti igi obì bò ó. Oko náà gan-an ni ìgbafẹ́. Lẹ́yìn òjò oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá, láti oṣù Kọkànlá títí dé oṣù Kejì, ilẹ̀ á gbẹ débi pé ènìyàn lè rìn lójú ọ̀nà oko láìrì sínú ẹrẹ̀, ọyẹ́ á sì mú kí afẹ́fẹ́ fúyẹ́. Ṣé àwọn ará Èkó yóò sanwó láti rìn nínú igbó? Wọ́n ti ń san án. Ní Lẹ́kí, nínú ọgbà tí kò ju hẹ́kítà 78 lọ, wọ́n ń sanwó láti gun afárá tí wọ́n so mọ́ orí igi, tó gùn ní mítà 401. Àgbẹ̀ Rẹ́mọ tó bá mú èrò mẹ́wàá wọ oko kòkó rẹ̀, tó gé èso kan fún wọn kí wọ́n lá omi dídùn tó wà lára hóró rẹ̀, ti fún wọn ní ohun tí afárá Lẹ́kí kò lè fún wọn.

Omi ló kù, omi sì ni ẹjọ́ tó le jù nínú gbogbo rẹ̀. Odò Uren, tí àwọn ará Ìkẹ́nnẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sọ ọjọ́ àjọ̀dún ìlú wọn, àti odò Ibu lágbègbè Ṣàgámù, kò lè jẹ́ ibi ìgbafẹ́ bí ènìyàn bá ń da ìdọ̀tí sí wọn, tí àwọn iléeṣẹ́ sì ń tú omi ìdọ̀tí sínú wọn. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò jìnnà. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wọ ìwé àjogúnbá àgbáyé ti UNESCO ní 2005, nítorí pé oníṣẹ́ ọnà Susanne Wenger àti àwọn olùsìn Ọ̀ṣun dúró ti igi ibẹ̀ kí wọ́n má gé e. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wa wúrà lókè odò ti sọ omi Ọ̀ṣun di rírú bí omi ẹrẹ̀, títí tí ìjọba fi kìlọ̀ pé kí àwọn èrò ọdún má mu ún mọ́. Wọ́n dáàbò bo igbó, wọ́n gbàgbé orísun omi. Rẹ́mọ ṣì lè tọ́jú méjèèjì pọ̀, bí ìjọba ìbílẹ̀ bá fi ààlà sí bèbè odò rẹ̀, tí wọn ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni kọ́lé tàbí da ilẹ̀ síbẹ̀, tí iléeṣẹ́ àyíká sì ń yẹ omi náà wò, tí wọ́n ń lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ara ilé ìjọba ìbílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láti kà.

Ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta sìmẹ́ǹtì ní Ṣàgámù, tí iléeṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1978, wà lára ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí náà. Ìkarahun ẹran omi tó kú sí ìsàlẹ̀ òkun ló di òkúta yẹn, ó ti lé ní mílíọ̀nù àádọ́ta ọdún, nígbà tí òkun ṣì bo ibi tí Ṣàgámù wà lónìí. Ọmọ ilé-ìwé tó bá di òkúta kan mú níbẹ̀, tó rí àmì ìgbín òkun lára rẹ̀, kò tún ní nílò kí olùkọ́ ṣàlàyé fún un pé ayé ti pẹ́. Kí iléeṣẹ́ àti ìjọba fẹnu kò sí ọjọ́ kan lóṣù tí ilé-ìwé lè wá, pẹ̀lú akoto lórí àti ẹni tó mọ iṣẹ́ náà níwájú. Ihò tí wọ́n bá sì ti wà tán, kí wọ́n tún un ṣe kí ó tó di ibi tí ọmọ ń rì sí.

Ní ti oúnjẹ, kí olóúnjẹ Rẹ́mọ se oúnjẹ Rẹ́mọ. Ẹni tó rìnrìn-àjò láti Èkó kò wá jẹ ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù. Ìkọ́kọrẹ́ tí wọ́n fi ewùrà rírin sè pẹ̀lú ẹja, àti ẹ̀bìrìpò tí wọ́n fi kókò ṣe, tí wọ́n pọ́n sínú ewé, ni kó bá lórí tábìlì, kí iye owó wọn sì wà lára ògiri kí ẹnikẹ́ni má baà yọ owó àlejò.

Nínú gbogbo ohun tí lẹ́tà yìí ń béèrè, kò sí ilé ìtura olówó ńlá, kò sí ère tuntun. Àwọn ọ̀dọ́ Rẹ́mọ bí ogún, lọ́kùnrin lóbìnrin, tí àwọn àgbà ìlú kọ́ ní ìtàn dáadáa, tí ìjọba fún ní káàdì àti owó oṣù, ló máa ṣe é. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́, tó ní omi, ní Òfin, ní ọjà obì, ní Ìkẹ́nnẹ́ àti ní Ìsarà. Pátákó ńlá ní oríta Ṣàgámù àti ní ibi tí wọ́n ti ń yà sí Ìperu, tó sọ ohun tó wà níwájú àti bó ṣe jìn tó. Ìwé owó kan ṣoṣo, kí àwọn ọmọ onílẹ̀ má baà dá ọkọ̀ ilé-ìwé dúró ní gbogbo kọ̀rọ̀ láti gba tiwọn. Bọ́ọ̀sì kan tó ń yí po láti Ṣàgámù dé Ìperu, Ìlíṣàn, Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìsarà ní ọjọ́ Sátidé, tó sì ń padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Oṣù Kẹwàá ni obì yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọjà. Bí pátákó mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá bá ti dúró ní Ṣàgámù kó tó di ìgbà náà, àwọn ọmọ ilé-ìwé Rẹ́mọ fúnra wọn ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú rìn ín, láti Òfin dé Mákùn, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dúró níwájú pátákó ìlú bàbá rẹ̀ kó sì ka ohun tó wà lára rẹ̀ sókè.